Ẹ Se Omi Yẹn Kí Ẹ Tó Dà Á Símú: Ọ̀rọ̀ Alhaja Aláta Lórí Imú Dídí Nígbà Ọyẹ́

Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Ohùn mẹ́rin ni Alhaja fi ránṣẹ́. A kọ wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ dátà.

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ̀yin ti Kánò níbí, ẹ̀yin ti Kàdúná, ẹ̀yin ti Jos tí ẹ ń wọ suwẹ́tà sùn, ẹ̀yin ti Sókótó àti Màídúgùri, Ọlọ́run á mú gbogbo wa la ọyẹ́ yìí já. Èmi Alhaja Aláta ni, láti Sabon Gari. Ádímìn wa ló ní kí n sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí, mo sì mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló pè. Ọ̀pọ̀ yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ èmi àti imú mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa kọ ọ́ síbí pé ẹni tí imú rẹ̀ bá dí, kó bu iyọ̀ sínú pọ́ọ̀ wọ́tà, kó dà á sí ihò imú kan, á gba ìkejì jáde, gbogbo kàtá á sì bá a lọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ire ló fẹ́ fún wa. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, èèyàn bí ogún ti fi àtàǹpàkò sí i. Ẹ gbọ́ o, ìdajì ohun tó sọ yẹn, òótọ́ ni. Òun ló yọ èmi gan-an nínú ìyà. Ìdajì tó kù lè pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ta ata gbígbẹ ní Kánò. Dawanau ni mo ti ń rà á, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn ni mò ń kó o lọ. Ẹni tó bá mọ Dawanau mọ̀ pé imú kì í sinmi níbẹ̀. Eruku ọkà, eruku ẹ̀wà, èéfín lọ́rì, kí wọ́n tún wá máa tú àpò ata sílẹ̀ níwájú ẹ nínú ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, imú mi á dí pa. Ẹnu ni mo fi ń mí lọ́sàn-án, ẹnu ni mo fi ń mí lóru, ọ̀fun mi á gbẹ bí awọ. Iwájú orí mi àti abẹ́ ojú mi á wúwo bíi pé wọ́n rọ òjé sí i. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀, á dà bíi pé ojú mi fẹ́ já bọ́.

Lọ́dún kan, wọ́n ta ìgò oògùn kékeré kan fún mi ní kẹ́míìsì kan, èyí tí wọ́n ń kán sí imú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kán an, kò pẹ́ rárá, imú là! Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí ọ̀rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń ka páálí oògùn nínú wa? Nígbà tó fi máa di ọyẹ́ ọdún kejì, ìgò méjì ni mò ń lò lọ́sẹ̀ kan. Tí mo bá gbàgbé ẹ̀ sílé, màá dá kẹ̀kẹ́ padà lọ́nà Dawanau lọ mú un. Imú mi kò là mọ́ àfi tí mo bá kán an, wákàtí díẹ̀ sí i, á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé mi ò gbóòórùn mọ́. Ẹ sì rò ó wò: ẹni tó ń ta ata, imú lòṣùwọ̀n rẹ̀. Ata tó gbẹ dáadáa ní òórùn tirẹ̀. Èyí tí wọ́n dì nígbà tó ṣì tutù, tó ti ń bu láàárín àpò, ó ní òórùn tirẹ̀, kò dìgbà tí o bá tú u dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àpò mọ́kànlélógún ni mo rà. Lójú, ó pupa, ó dán. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, òkè gbẹ. Mo gbé e símú bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo ní kò lóòórùn burúkú, mo sanwó.

Lọ́jọ́ kẹta, oníbàárà mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Alhaja, ṣé ẹ rí ata yìí kẹ́ ẹ tó rà á?" Àpò mẹ́sàn-án ló ti bu láàárín. Ẹni tí a ti jọ ń tajà fún ọdún mọ́kànlá ni o. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọdún yípo kó tó tún ra ata lọ́wọ́ mi. Owó yẹn dùn mí. "Ṣé ẹ rí ata yìí" yẹn ló dùn mí jù.

OHÙN KEJÌ

Ẹ má bínú, àwọn tó wá gba owó iná ló kanlẹ̀kùn.

Mo wá lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, Hausa la jọ sọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé kí ni mò ń kán símú. Mo fa ìgò yẹn yọ nínú pọ́ọ̀sì abẹ́ ìró mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgò yẹn gan-an ti di àìsàn mi. Ó ní awọ inú imú kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Oògùn yẹn ń fún àwọn iṣan náà pọ̀, ìdí nìyẹn tí imú fi ń là. Ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ bá tán, wọ́n á tún wú padà, tí èèyàn bá sì ti ń lò ó lọ́jọ́ gbogbo, wọ́n á máa wú ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ọ̀fìnkìn mú lè lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kó fi í sílẹ̀. Èmi ti fi ọdún méjì lò ó.

Ó ní kí n kọ́kọ́ dáwọ́ dúró ní ihò imú kan, kí èkejì ṣì máa gbà á, tí àkọ́kọ́ bá ti là fúnra rẹ̀, kí n dáwọ́ ìkejì náà dúró. Ó fún mi ní oògùn fífọ́n mìíràn tí kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Ó sì ní kí n máa fi omi iyọ̀ fọ imú mi lójoojúmọ́. Mo wò ó. Mo ní, "Dókítà, ṣé mo wá láti Sabon Gari kẹ́ ẹ lè ní kí n lọ lo iyọ̀ ni?" Ó ní àwọn ará Índíà ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́, wọ́n ní ohun èlò kékeré kan fún un tó dà bíi búútà, òun náà sì ń lò ó tí ọyẹ́ bá dé.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ihò òfìfo wà nínú eegun ojú wa: lókè ojú níwájú orí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, láàárín ojú méjèèjì, àti lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú wọn, ọ̀nà tóóró ló sì já wọn sínú imú. Àwọn ihò yẹn ni sáínọ́ọ̀sì. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní "mo ní sáínọ́ọ̀sì", gbogbo wa la ní in, ìgbà tó bá dí ló ń di wàhálà.) Tí eruku tàbí ọ̀fìnkìn bá mú kí inú imú wú, ọ̀nà tóóró yẹn á dí, ikun á há sẹ́yìn rẹ̀, orí á wúwo. Omi iyọ̀ ń fọ eruku kúrò, ó ń mú ikun tó ti ki rọ̀, kí irun wẹ́wẹ́ inú imú tó ń gbá ìdọ̀tí jáde lè ráàyè ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ń pa àìsàn. Ńṣe ló ń gbálẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Jíjókòó ni mo fi ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́wọ́ lé ìgò yẹn lóru, tí ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn bí oṣù kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òórùn kan ṣàdédé kọ lù mí. Irú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní dàdàwá níbí, ìyàwó aládùúgbò wa ló ń fi sebẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ mò ń fa irú símú, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ rẹ̀ ń wò mí bíi pé nǹkan ṣe mí.

OHÙN KẸTA

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, èyí ni kó gbọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí mi tí mò ń fọ imú. Imú tiẹ̀ náà dí. Ó lọ bu omi nínú jálá tí máì gáruwa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, ó da iyọ̀ sí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ orí sílẹ̀ kí n tó rí i. Bí mo ṣe lọgun, kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣebí omi tá à ń mu náà ni." Ìyẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ń rò. Ohun tí dókítà sọ fún mi ni mo sọ fún un.

Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, inú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́ràn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Naegleria fowleri. Tí o bá mu ún, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí omi bá gbé e lọ sókè imú, ó lè tọ iṣan tí a fi ń gbóòórùn wọ inú ọpọlọ lọ, tó bá sì débẹ̀, àwọn tó yè kò tó nǹkan rárá. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ máa gbọ̀n. Àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2011, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, èèyàn méjì ló kú lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ inú ilé wọn fọ imú báyìí. Amẹ́ríkà ni o, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ẹ̀rọ. Àwa wá ń bọ̀ pẹ̀lú omi gáruwa àti táńkì tí alángbá ń wẹ̀ nínú ẹ̀.

Pọ́ọ̀ wọ́tà ńkọ́? Pọ́ọ̀ wọ́tà wà fún mímu. Pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC lára kò sọ pé kò sí ohun alààyè kankan nínú ẹ̀. Omi inú ìgò rọ́bà náà, bákan náà ni. Ẹ se gbogbo rẹ̀. Kó hó dáadáa, kó máa yí gbirigbiri, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Mo mọ̀ pé gáàsì ti wọ́n. Èmi máa ń se tèmi pọ̀ mọ́ omi tíì àárọ̀, orí iná kan náà ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá wọn omi ìgò 75cl kan sínú ìkòkò tó mọ́. Màá bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kì í ṣe èyí tó ga bí òkè. Iyọ̀ inú ara wa tó bíi gíráàmù mẹ́sàn-án nínú lítà omi kan, ohun tí a sì ń wá nìyẹn. Ẹ tọ́ omijé yín wò, bó ṣe yẹ kó rí lẹ́nu nìyẹn. Tí kò bá níyọ̀ rárá, á ta yín títí dé àtàrí. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, á jó yín. Iyọ̀ tí à ń rà ní Nàìjíríà ní áyódíìnì nínú, ó máa ń ta imú àwọn kan díẹ̀. Ẹni tó bá ta lè fi bákìn sódà bíńtín sí i, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú. Kì í ṣe kàún o! Mo mọ̀ yín. Màá dé ìkòkò, màá sè é, màá fi í sílẹ̀ kó tutù pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fún ọmọ lónjẹ. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọ̀la, ẹ dà á nù.

Ẹni tí kò ráàyè sísè lè lọ ra omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà síni lára nílé ìwòsàn, èyí tí wọ́n kọ 0.9% sí lára. Ẹ wò ó dáadáa, èyí tó ní ṣúgà wà láàárín wọn. Tí ẹ bá sì ti ṣí i, kò ní lè pẹ́ nílẹ̀.

Búútà kékeré tuntun ni èmi ń lò, tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe àlùwàlá. Síríǹjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí náà dára. Kálukú ní tiẹ̀, kì í ṣe ohun tí tọkọtaya ń jọ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí báfù, ẹ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ la ẹnu, ẹnu ni kẹ́ ẹ máa fi mí. Ẹ rọra da omi sí ihò imú tó wà lókè, á gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Tó bá gba ọ̀fun, ẹ tu ú dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fun imú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ má di ihò méjèèjì pọ̀ fun ún, etí ló máa lọ. Ẹ fi omi sísè fọ búútà yẹn, kí ẹ sì dojú ẹ̀ dé kó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó. Tí eruku bá pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ má ṣe é kí ẹ sì jáde lọ́gán. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ níjọ́ kan, mo dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, mo bẹ̀rẹ̀ láti wọn ata fún un, omi tó fara pamọ́ sínú imú mi ya jáde sórí ata. Mi ò lè sọ bójú ṣe tì mí tó. Ẹ kọ́kọ́ tẹrí ba fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá.

OHÙN KẸRIN

Èyí ni mo fi parí. Alfa wa kan bi mí léèkan pé tí omi bá léwu báyẹn, àlùwàlá ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní Karachi, ní Pakistan, àwọn kan kó kòkòrò yìí tí wọn kò wẹ̀ lódò rárá, wọ́n sì rò pé ibi fífa omi símú nígbà àlùwàlá ni wọ́n ti kó o. Èmi kò dá àlùwàlá dúró, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo kàn máa ń fi omi kan ibi tí imú ti rọ̀ ni, mi ò fà á lọ sókè bí ẹni ń fín áṣáà. Ẹni tó bá lágbára, kó tọ́jú omi sísè sínú kẹ́tùlù fún ti imú. Nígbà ààwẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu ni kẹ́ ẹ máa fọ imú, torí omi lè gba ọ̀fun lọ.

Ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí etí ń dùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún nímú, kó bi dókítà kó tó dán an wò. Tí imú bá dí pátápátá tí omi ò kọjá, ẹ má fi agbára tì í. Ọmọ kékeré náà, ẹ má dà á sí i nímú fúnra yín. Tí ihò imú ọmọ kan ṣoṣo bá ń da ikun tó ń rùn, kì í ṣe kàtá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbọ́ o.

Àwa tí a wà lókè Ọya yìí, ẹ tún jọ̀ọ́. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yìí náà ni sankarau máa ń jà, yírùnyírùn tiwa. Ẹni tí orí ń fọ́, tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, tí ọrùn rẹ̀ gan tí kò lè tẹ̀ ẹ́ kan àyà, tí ìmọ́lẹ̀ ń dà láàmú, ẹ má fi omi iyọ̀ ṣeré pẹ̀lú ẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí agbègbè ojú rẹ̀ bá wú tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì, bákan náà ni. Ẹni tí kàtá rẹ̀ bá lé ní ọjọ́ mẹ́wàá láìdẹwọ́, kó lọ jẹ́ kí wọ́n wo inú rẹ̀.

Ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ti pè é, a ti jọ sọ ọ́, kò bínú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ síta. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́, torí mo mọ̀ pé ó ti dé Gúsáù. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sílẹ̀, màá dáhùn lẹ́yìn ìṣáà. Omi tèmi ti ń hó lórí iná báyìí, mò ń gbọ́ ìdérí rẹ̀, ẹ jẹ́ n lọ wò ó.